Àtẹ̀gùn Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Onífáínílì

Àtẹ̀gùn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ onífáínílì ni èyí tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ (ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní súwímíìnì púùlù) tí wọ́n fi awọ fáínílì bo inú rẹ̀ dípò táìlì. Omi kì í gba inú awọ yìí kọjá, ojú rẹ̀ sì máa ń dán. Ìdí tó fi wúlò nìyẹn, ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀ náà sì nìyẹn. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, ọyẹ́, iná mànàmáná tí kì í dúró, àti òrí tí à ń fi para, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ohun tí fáínílì jẹ́

PVC, irú ike kan, ni fáínílì yìí, ẹbí kan náà ni òun àti páìpù omi. Wọ́n kàn fi èròjà mìíràn rọ̀ ọ́ kó lè ṣeé ká ni. Ẹni tó bá ti tẹ́ rọ́ọ̀gì lẹ́dà sí yàrá rí ti mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ọmọ bá jáde láti ilé ìwẹ̀ láìnu ẹsẹ̀, tó sáré gba orí lẹ́dà kọjá, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Awọ tí wọ́n ń lò fún adágún ilé sábà máa ń nípọn tó 0.5 sí 0.75 mílímítà. Irú tí wọ́n fi àwọ̀n pólísítà sí láàárín máa ń tó 1.5 mílímítà.

Kọnkéré tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ló pọ̀ jù ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ìlọrin. Èyí tó ní fáínílì tí ojú mọ̀ jù ni àwọn tí wọ́n fi irin ró sí àgbàlá fún àwọn ọmọdé, àkàsọ̀ ni wọ́n sì fi ń wọ ìyẹn. Nítorí pé onífáínílì tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ kò wọ́pọ̀, ó rọrùn kí òṣìṣẹ́ tó mọ táìlì máa fi ọwọ́ táìlì mú un: kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kó sì da áásìdì lé e lórí. Méjèèjì ń ba awọ náà jẹ́.

Ohun tó ń fa yíyọ̀

Ìyọ̀ méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni ìyọ̀ ìdọ̀tí, èkejì ni ìyọ̀ awọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á náwó sórí èyí tí kì í ṣe àrùn tó ń ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ìyọ̀ ìdọ̀tí ni álígì, nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo òkúta inú odò. Ẹni tó bá ti dé ibi tí omi Òwu ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ọ̀wá-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta tútù ibẹ̀, mọ bó ṣe ń ṣe. Kí álígì tó hàn sí ojú rárá ló ti ń yọ̀, torí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ti kọ́kọ́ ta ohun kan bí omi ilá sórí awọ náà.

Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n sì sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí. Omi ibẹ̀ kò jìn, oòrùn ń dé ibẹ̀ dáadáa, igun rẹ̀ pọ̀, omi tí ẹ̀rọ ń tì kiri kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kan ibẹ̀. Bí iná bá lọ, tí wọn kò tan jẹnẹrétọ̀, omi á dákẹ́ sójú kan, kílórínì, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi, á sì máa dínkù. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta báyìí nínú oòrùn oṣù kẹta ti tó kí ìpele òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kódà kí omi náà ṣì mọ́ gaara lójú. Nígbà ọyẹ́, eruku ń bà sórí omi, ó ń rọra balẹ̀ sórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ó sì ń di oúnjẹ fún álígì. Ewé dóńgóyárò tó bá já bọ́ sí igun àtẹ̀gùn ń jẹrà síbẹ̀.

Òrí náà ń dá kún un. Ìgbà ọyẹ́ ni awọ ara máa ń gbẹ, òrí àti ìpara sì ni oògùn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kwara. Bí ẹni tó para bá wọ inú omi láìkọ́kọ́ fọ ara, ọ̀rá yẹn á léfòó, á sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ojú omi ti kan awọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ gan-an. Omi ìwẹ̀ àti ọṣẹ kí wọ́n tó wọlé wúlò níbi yìí ju kẹ́míkà èyíkéyìí lọ.

Ìyọ̀ kejì jẹ́ ti awọ fúnra rẹ̀. Àwọn fáínílì kan wà tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà ṣákiṣàki sí lójú fún orí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ máa ń sọ ọ́ di dídán, bí òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, tí ìtàn so mọ́ orúkọ Ìlọrin, ṣe ń dán níbi tí irin bá ti ń kàn án. Bí pH omi (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí áásìdì ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀) bá lọ sílẹ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn bí áásìdì bá pọ̀ jù, awọ náà lè wúnjọ, ibi tó bá wúnjọ sì lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. A ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìpele náà lábẹ́ omi. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré, a ó sì tún un rà. Bí ibi tí a fọ̀ bá ti ń di ọwọ́ mú, ìdọ̀tí ni. Bó bá ṣì ń yọ̀, awọ ló ti dán.

Fífọ̀ àti ìtọ́jú omi

Búrọ́ọ̀ṣì onínáílọ́ọ̀nù ni ti fáínílì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán; lẹ́yìn ìgbà tí iná bá ti lọ pẹ́, kí wọ́n tún un fọ̀. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí kílórínì má dín ní 1 mílígíráàmù nínú lítà omi kan (2 bó bá jẹ́ irú tó ní cyanuric acid nínú, èròjà tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè ba kílórínì jẹ́), kí pH sì wà láàárín 7.0 sí 7.8.

Kílórínì oníhóró kò gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí awọ láìtíì yòrò, torí ibi tó bá sùn sí á funfun, á sì gbó. Inú ike omi ni a ti ń pò ó: kẹ́míkà ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kẹ́míkà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da kílórínì pọ̀ mọ́ áásìdì. Afẹ́fẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde ń pa ènìyàn.

Lílẹ ohun tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀

Bó bá jẹ́ pé awọ ló dán, a ó lẹ ohun tó ṣákiṣàki mọ́ ọn. Fáínílì bíi tirẹ̀ ló dára jù, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún fáínílì. Irú rẹ̀ wà tó ń mú lábẹ́ omi. A gbọ́dọ̀ ti fọ ibẹ̀ mọ́ pátápátá, nítorí ohun tí a bá lẹ mọ́ álígì, álígì ló lẹ̀ mọ́. Kí a gé igun rẹ̀ kó rí kìrìbìtì, kí èékánná ẹsẹ̀ má baà fi í kọ́.

Gọ́ọ̀mù ṣùméékà kì í pẹ́ níbẹ̀, èròjà tó ń rọ fáínílì á sọ òun náà di rírọ̀. Rọ́bà dúdú tí a gé lára táyà tàbí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máa ń fi àbàwọ́n tí kì í lọ sára fáínílì, álígì sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ìtẹ́lẹ̀ tó ṣeé ká gbọ́dọ̀ máa gbé e sókè fọ̀ déédéé.

Kò yẹ kí wọ́n fa gbogbo omi adágún gbẹ nítorí iṣẹ́ yìí. Fáínílì tó bá gbẹ sínú oòrùn máa ń sún kì, ó sì lè ya nígbà tí omi bá padà dé. Ní àsìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti awọ náà sókè kúrò lórí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Ní Jámánì, ìlànà DIN 51097 ni wọ́n fi ń dán ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ wò títí di ọdún 2021, kí DIN EN 16165 tó rọ́pò rẹ̀. Ènìyàn á máa rìn lórí ohun tí wọ́n ń dán wò, tí wọ́n tẹ́ sórí pákó, tí wọ́n sì da omi ọṣẹ sí, wọ́n á sì máa gbé pákó náà dàgẹ̀rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi fẹ́ yọ̀. Ẹgbẹ́ A bẹ̀rẹ̀ láti dígíríì 12, B láti 18, C láti 24. C ni wọ́n ń wá fún àtẹ̀gùn tó wọ inú omi, ohun tó sì yẹ kí olùrà béèrè nìyẹn kó tó sanwó.

Irin ìdìmú àti ojú tó ríran

Yorùbá ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àmọ́ àtẹ̀gùn kì í dúró de òmùwẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ló sábà ń mú. Irin ìdìmú ni ààbò tó ga jù fún un. Inú kọnkéré etí adágún ni wọ́n ń rì í sí. A kò gbọ́dọ̀ fi dírílì lu awọ fáínílì nítorí rẹ̀. Ó yẹ kí irin náà lọ sílẹ̀ débi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí àtẹ̀gùn bá fẹ̀. Obìnrin tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ gígùn nílò rẹ̀ púpọ̀ nígbà tó bá ń jáde, torí omi ti wúwo nínú aṣọ, etí aṣọ náà sì lè bọ́ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Fáínílì aláwọ̀ búlúù lábẹ́ omi búlúù máa ń mú kí ìpele mẹ́ta dà bí ẹyọ kan. Ìlà aláwọ̀ dúdú tàbí pupa tó fẹ̀ tó ìka méjì, tí a lẹ mọ́ etí ìpele kọ̀ọ̀kan, ń fi ibi tí ẹsẹ̀ máa bọ́ sí han arúgbó àti ọmọdé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kò sí iná tó mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí wọ́n ti adágún náà pa títí di òwúrọ̀.