Ìrìn àbádòfin ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà

Àbádòfin ni àbá tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́nà òfin, tí wọ́n gbé wá síwájú ilé aṣòfin kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n dà á nù. Ìpínlẹ̀ 36 ló wà ní Nàìjíríà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tirẹ̀. Abala 4 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló fún ilé yìí lágbára láti ṣòfin fún ìpínlẹ̀. Abala 100 ló là á sílẹ̀ bí àbádòfin ṣe ń di òfin. Ilé Aṣòfin Àgbà ní Abuja, ìyẹn National Assembly, pín sí méjì, ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni ti ìpínlẹ̀. Bí ilé náà bá ti fọwọ́ sí àbádòfin, ọ̀dọ̀ gómìnà ló kàn.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ ìrìn tó ń rìn: àbá tó fẹ́ di òfin. Títí gómìnà yóò fi buwọ́ lù ú, tàbí tí ilé yóò fi borí kíkọ̀ rẹ̀, àbá ló ṣì jẹ́, kò sì de ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ ilé

Ìwé òfin ní kí ọmọ ilé má dín ní 24, kí wọ́n má sì ju 40 lọ. Ogójì ni ti Èkó, 32 ni ti Ọ̀yọ́. Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní 26 lọ́kọ̀ọ̀kan, Kwara sì ní 24. Àwọn aṣòfin ló ń yan Abẹnugan, ìyẹn olórí ilé, àti igbákejì rẹ̀ láàárín ara wọn. Ọdún mẹ́rin ni sáà ilé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, lọ́dún kan.

Ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wo iye tí òfin ní kó wà níjòókòó. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ti tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ilé tó ní ọmọ 26, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ìyẹn. Ìbò ẹni tó pọ̀ jù láàárín àwọn tó wà níbẹ̀ tó sì dìbò ló ń gbé ọ̀pọ̀ àbádòfin wọlé, nítorí náà ìbò márùn-ún péré lè sọ àbádòfin di ohun tí ilé ti fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ kì í wọ́pọ̀.

Kíkà lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹ̀ka aláṣẹ ìjọba, ìyẹn ti gómìnà, ló ń gbé púpọ̀ nínú àbádòfin wá, pàápàá ìwé ìsúná ọdọọdún. Aṣòfin kan pẹ̀lú lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ilé sì lè ṣe é lórúkọ ìgbìmọ̀ kan. Ìlànà ìjókòó ilé kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí gbogbo wọn ń tọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

Ní kíkà àkọ́kọ́, akọ̀wé ilé yóò ka àkọlé àbádòfin náà nìkan. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí ilé mọ̀ pé ó ti dé. Ní kíkà kejì, ẹni tó gbé e wá yóò ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ, àwọn tó kù yóò sì sọ èrò wọn lórí kókó àbá náà, láìtíì wọnú ọ̀rọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ìbò bá lòdì sí i níbí, ó ti kú nìyẹn. Bó bá rọ́nà kọjá, Abẹnugan á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ìyẹn àwọn aṣòfin díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni wọ́n ti ń ṣe òfin ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó gbogbo ilé ni kámẹ́rà sábà máa ń wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àpérò ìtagbangba, tí ìjọba, agbẹjọ́rò, ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ olùkọ́, àwọn ọba àti ará ìlú lásán ń mú ìwé èrò wọn wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ ní àpérò lè yí ìlà kan padà: ìtanràn lè dínkù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin lè sún síwájú, ẹni tí wọn kò rántí lè rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìwé òfin kò sọ ọ́ di dandan kí ìgbìmọ̀ pe irú àpérò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àbádòfin. Àṣà àti ìlànà ilé ló gbé e ró, ó sì jọ pé ibi tí wọ́n bá ti fò ó ni àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù nígbà tí òfin bá jáde.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti jábọ̀, gbogbo ilé yóò sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ kan. Wọ́n á gbé ọ̀pá àṣẹ, ìyẹn ọ̀pá tó dúró fún agbára ilé, sọ̀kalẹ̀ láti ipò rẹ̀, kó lè hàn pé ìjókòó ilé gan-an kọ́ nìyẹn, wọ́n á sì gbé àbádòfin náà yẹ̀ wò ní abala kọ̀ọ̀kan. Kíkà kẹta ni wọ́n ti ń dìbò ìkẹyìn. Akọ̀wé ilé á wá ṣe ẹ̀dà tó mọ́, á fọwọ́ sí i pé òun gan-an ni ilé fọwọ́ sí, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gómìnà.

Gómìnà

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni gómìnà ní láti sọ bóyá òun yóò buwọ́ lù ú tàbí òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀, ilé lè tún un fọwọ́ sí pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá rí ìyẹn, ó ti di òfin, a kò nílò ìbuwọ́lù gómìnà mọ́. Ní ilé Èkó, bí gbogbo ọmọ ilé bá pé, ìbò 27 ni ìyẹn. Ìwé òfin kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí gómìnà bá kàn dákẹ́; ọ̀pọ̀ amòfin ka ìdákẹ́ náà sí kíkọ̀. Àbádòfin tí kò bá tíì parí nígbà tí sáà ilé bá tán sábà máa ń ní láti bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun.

Èdè tí wọ́n fi ń ṣòfin

Abala 97 sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ilé fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ilé lè fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un, bí wọ́n bá fẹnu kò lórí rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó lo àǹfààní yìí: wọ́n ti fi ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ìjókòó lédè Yorùbá. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ìwé nípa ìṣòfin ṣe ń kà á sí lọ. Aṣòfin tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìsúná tàbí ilé yíyá lédè Yorùbá gbọ́dọ̀ rí orúkọ fún ohun tí ìwé rẹ̀ kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń gbọ́ wọn á sì mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Ìjókòó ilé àti rédíò ti jọ mú kí àwọn ọ̀rọ̀ bí àbádòfin, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, abẹnugan, àpérò ìtagbangba àti ọ̀pá àṣẹ mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ilé yìí kan náà ló fọwọ́ sí àbádòfin ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá ní ọdún 2017, gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé sì buwọ́ lù ú ní 2018. Òfin náà sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni ní Èkó. Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tẹ ìwé òfin ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Àpẹẹrẹ kan: Àmọ̀tẹ́kùn

Àbádòfin kan lè gba ilé púpọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn fún ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, fi sọ pé kò bófin mu. Nígbà tí àwọn gómìnà bá igbákejì ààrẹ, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, jókòó ní oṣù náà, wọ́n fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi òfin gbé e ró. Àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ jọ jókòó láti kọ àbádòfin, ilé kọ̀ọ̀kan sì gbà á yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹta ni Rótìmí Akérédolú buwọ́ lu ti Oǹdó, Káyọ̀dé Fáyẹmí buwọ́ lu ti Èkìtì, Ṣèyí Mákindé sì buwọ́ lu ti Ọ̀yọ́. Ọ̀nà mìíràn ni Èkó gbà: wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí wọ́n ti ní láti ọdún 2016.

Ohun tí àwọn ilé wọ̀nyí kò lè ṣe hàn kedere nínú rẹ̀. Ìbọn àti ohun ìjà wà lára àwọn ohun tí Ilé Aṣòfin Àgbà nìkan lè ṣòfin lé lórí, nítorí náà òfin ìpínlẹ̀ kankan kò lè fún ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ní irú ìbọn tó bá wù ú.

Ààlà agbára ilé

Lórí ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ní, bí òfin méjèèjì bá takora, ti Ilé Aṣòfin Àgbà ló borí. Nígbà tí Èkó fi òfin dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tó ti wà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní oṣù kejìlá ọdún 2004 pé òfin náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì lè ṣiṣẹ́ títí Ilé Aṣòfin Àgbà yóò fi parí apá tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ìpínlẹ̀ ló ń ṣáájú: Èkó ṣe òfin ètò ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní 2007, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015.

Ìtàn

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní Ìbàdàn ní 1947. Lábẹ́ ìwé òfin ọdún 1951 ló rí agbára ìṣòfin gidi, ilé kejì sì wà nígbà náà, ìyẹn Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba. Níbẹ̀ ni Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ẹkùn náà, ti gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1952, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé náà ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjọba ológun sì tì í pa ní 1966. Ilé ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ láti 1979 títí di ìparí 1983, lẹ́yìn náà fún ìgbà díẹ̀ ní 1992 sí 1993, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 1999.

Àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè

Kò sí àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó lè kọjá àyàfi bí ilé ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 bá fọwọ́ sí i. Ní 2022, àbádòfin àtúnṣe 44 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn. 35 ló rí iye tó yẹ, ààrẹ Muhammadu Buhari sì buwọ́ lu 16 nínú wọn ní oṣù kẹta ọdún 2023.