Ó Ṣáà Wà Lórí Drive

Ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba másítà tàbí PhD pé dátà ìwádìí rẹ̀ dà, ẹ ò ní tíì parí ìbéèrè tí yóò fi dá yín lóhùn: "Kò séwu, sà, ó ṣáà wà lórí Drive." Google Drive, ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń wí. Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù là ń wí o, ìdáhùn tí wọ́n gbà lẹ́nu èèyàn, ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀, iye tí wọ́n kà ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò Orí Kẹrin, ibi tí èsì ìwádìí máa ń wà nínú tíísìsì, "ó ṣáà wà lórí Drive" yìí sì ti sú mi.

N ò ní torí Drive fúnra rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. A mọ̀ pé ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí láptọ̀pù tó so mọ́ ọn, á pa rẹ́ lókè náà, ọjọ́ 30 péré sì ni Google fi ń tọ́jú ohun tó bá bọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Àkáǹtì tí ẹnì kan ò bá fọwọ́ kàn fún ọdún 2, wọ́n ti ń pa irú rẹ̀ rẹ́ láti oṣù Kejìlá 2023. Ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ lè má dúró dè yín lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Kódà ní Yunifásítì Kyoto ní Japan, lóṣù Kejìlá 2021, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gan-an ló ṣìṣe, tó pa nǹkan bíi terabyte 77 (gígábáìtì bí 77,000) rẹ́ mọ́ àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé fáìlì tiyín ò sọnù rárá.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Arábìnrin kan padà wá bá mi lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Jọ́nà kan, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, ní kó tún ìṣirò kan ṣe kí àwọn tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Fáìlì wà lórí Drive lóòótọ́, a sì ṣí i. Òpó nọ́ńbà la bá níbẹ̀: VAR00001, VAR00002, títí lọ, bí SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ṣe máa ń sọ wọ́n lórúkọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ wọ́n. Lábẹ́ wọn, 1, 4, 4, 2, 5, 9. Mo ní, "Àǹtí, kí ni 1 dúró fún?" Ó ń wò mí. Ṣé 1 ni "mo gbà bẹ́ẹ̀ gan-an" ni, àbí 5? Ó lọ gbé tíísìsì rẹ̀ wá. Ìwé ìbéèrè wà lẹ́yìn, bó ṣe máa ń wà, àmọ́ òfìfo ni: SA, A, U, D, SD (láti "mo gbà bẹ́ẹ̀ gan-an" dé "mi ò gbà rárá"), pẹ̀lú àpótí tí wọ́n á máàkì. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀.

9 yẹn ńkọ́? Ó ní láti jẹ́ pé "kò dáhùn" ni. Tí kọ̀ǹpútà ò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, á rò ó mọ́ ìyókù, á pín in, bí ẹni pé àwọn tó dákẹ́ ló fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Àwọn ìbéèrè kan tún wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lódì, irú "ilé ìwòsàn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn", tí a gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà wọn padà kí wọ́n tó lè bá ìyókù rìn. Ṣé wọ́n ti yí wọn ni, àbí wọn ò tíì yí wọn? Fáìlì méjì ló wà, "final" àti "final2 correct". Kò sí èyí tí iye èèyàn inú rẹ̀ bá ti Orí Kẹrin mu. Wọ́n á ní súpáfáísọ̀ á mọ̀ ọ́n. Súpáfáísọ̀ tí kò ṣí fáìlì náà rí? Ọmọkùnrin tó bá a tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n, onítọ̀hún sì ti jápa, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Odindi ọ̀sán la fi ń ka iye inú tábìlì tíísìsì, tá à ń wá òpó tí iye rẹ̀ bá a mu. Àwọn kan bọ́ sí i. Àwọn tó kù, a pa wọ́n tì.

Fáìlì wà. Dátà ni mi ò rí.

Ojú ìwé kan péré ni ì bá gbà wá: òpó kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè rẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í gan-an, ohun tí 1 dúró fún, ohun tí 9 dúró fún, àwọn tí a yí, àti fáìlì tí tábìlì kọ̀ọ̀kan ti jáde. Codebook ni wọ́n ń pè é. Ìrọ̀lẹ́ kan tó láti kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́kàn.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ ní Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á ní kó fi í pamọ́ bíi CSV, fáìlì tábìlì tí ọ̀rọ̀ lásán wà nínú rẹ̀, torí kò sí kọ̀ǹpútà tí kò lè ṣí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ CSV lásán ló mú nínú Excel, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ UTF-8 (ọ̀nà ìfipamọ́ tó gba àmì Yorùbá) sí lára, "aṣọ" lè di "a??". Kó wá padà lọ bi ìyá àgbà pé kí ló ní òun wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò ní kí gbogbo èèyàn kó gbogbo nǹkan pamọ́ títí ayé o. Ẹni tó ṣe ìwádìí nítorí ìwé ẹ̀rí, tí kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́, bóyá Drive tó o. Ẹlòmíì sì ti ṣèlérí fún àwọn tó dá a lóhùn pé òun á pa ohùn wọn rẹ́. Kó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Fún àwọn yòókù, Zenodo wà, ibi ìpamọ́ dátà ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń bójú tó ní CERN, iléeṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Yúróòpù, láti 2013; ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé nǹkan lọ síbẹ̀, ẹ rántí òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023. Kéèyàn yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò lè má tó. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ abúlé, tẹ́ ẹ wá kọ "agbẹ̀bí, ọmọ ọdún 58" síwájú rẹ̀, tí abúlé ọ̀hún ò sì ní ju agbẹ̀bí kan lọ, orúkọ rẹ̀ náà lẹ kọ yẹn.