Ọ̀nà tí Owó Ìjàǹbá Ibi Iṣẹ́ Ń Gbà Jáde

Bí ayùn bá gé ìka méjì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan ní sọ́mìlì, owó ilé ìwòsàn ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó lásán nìyẹn.

Lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́, ẹ̀rọ yóò dúró títí wọn yóò fi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tí wọn yóò sì wádìí ohun tó fà á. Àwọn yòókù yóò káwọ́ gbera, owó ojúmọ́ wọn kò sì ní tìtorí ìyẹn dín. Pákó tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ fún kò ní jáde lásìkò. Ẹni tuntun tí wọ́n sì gbà yóò ba igi jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ayùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí akọ̀wé owó ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìjàǹbá. Ní 1931, H. W. Heinrich, tó ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣírò irú ìnáwó abẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìlọ́po mẹ́rin èyí tó hàn. Wọ́n ti bá a jiyàn lórí iye náà, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí sọ́mìlì kò jọ báńkì.

Ní Nàìjíríà, òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tó ń san sí àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ń bójú tó, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìjàǹbá náà tó ọ̀gá létí; ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé lè máa gba ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀gá kò bá ti forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ka owó sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ìwé kankan, ẹ̀rí tí wọn ì bá fi ṣírò owó gbà-má-bínú pàápàá kò sí. Ìdílé ni ẹrù náà yóò wá já lé lórí. Ìyàwó yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa láti tọ́jú ọkọ tí kò lè dá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè; owó tí wọ́n dá sí èésú fún owó ilé-ìwé ọmọ yóò di owó oògùn. Bí wọ́n bá sì gba ọkọ náà padà síbi iṣẹ́, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì, ní owó tí kò tó èyí tó ń gbà nídìí ayùn, lóṣooṣù, títí yóò fi fẹ̀yìn tì.