Bí wọ́n ṣe ń gé bọ́ọ̀dù sákíìtì nílé

Gíláàsì ló sọ gígé bọ́ọ̀dù sákíìtì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to èròjà ẹ̀rọ iná sí, di iṣẹ́. Bọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní FR-4, fọ́nrán gíláàsì ni wọ́n hun bí aṣọ, tí wọ́n wá fi oje epoxy lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele títí ó fi le. Ó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 1.6, bàbà orí rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 0.035 lọ. Bàbà yẹn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gíláàsì abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹnu ọ̀bẹ, òun náà ló ń di eruku tó ń yún ara, tí kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá.

Nítorí eruku yìí, ọ̀nà tó bá ilé mu jù ni kí a fàlà sí bọ́ọ̀dù, kí a sì ṣẹ́ ẹ. A ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ó fi rúlà onírin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ (rúlà oníke ò ní pẹ́ jẹ), a ó wá fi ọ̀bẹ tó mú dáadáa fà á. Ìfà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, torí òun ló ń lànà fún ìyókù. Ẹni tó bá fi agbára bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ á yà kúrò lójú ìlà, á sì ha bàbà tí kò yẹ. Tí ọ̀bẹ bá ti ríbi gbà, a lè wá tẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. A ó yí i padà, a ó fàlà sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀gangan kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìlà á wà létí tábìlì, pákó á tẹ èyí tó wà lórí tábìlì mọ́lẹ̀, ọwọ́ á sì tẹ èyí tó yọ síta: pàù! Tó bá ń tẹ̀ tí kò kán, ọ̀bẹ ò tíì wọlé tó nìyẹn.

Ìlà tó tọ́ láti etí dé etí nìkan ni ọ̀nà yìí mọ̀. Tí igun bá wà níbẹ̀, ayùn irin tí eyín rẹ̀ wẹ́ ló kù, kí ojú bàbà sì kọ sí ẹni tó ń gé e, kí eyín ayùn má baà ṣí bàbà sókè. Sísọ́ọ̀sì páànù yá, àmọ́ lórí bọ́ọ̀dù tó nípọn, ó máa ń fi àpá funfun sílẹ̀ létí: ìpele inú rẹ̀ ti là nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí abẹ dáyámọ́ńdì ló yá jù, òun ló sì ń tú eruku jù. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú àti awò ojú. Aṣọ tútù ni kí a fi nu eruku, kì í ṣe ìgbálẹ̀.

Kí a tó jó èròjà kankan mọ́ bọ́ọ̀dù ló yẹ kí a gé e. Kapásítọ̀ seramíìkì kéékèèké, èròjà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, kì í fẹ́ kí bọ́ọ̀dù tẹ̀ lábẹ́ òun. Ó lè sán nínú láìsí àpá níta, kó wá kọṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.