Iyọ̀ tí Bàbá Yọ Kúrò Nínú Ọbẹ̀

Bàbá kan, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, wá bá mi ní ilé oògùn mi ní Adó-Èkìtì. Ìkéré ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbé ìwé kan lọ́wọ́ tó kún fún àwòrán ọpọlọ. Wọ́n ti gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín.

Ọmọ àbúrò wọn ní àìsàn ọpọlọ kan tó máa ń gbé e sókè, bipolar ni àwọn dókítà ń pè é. Kò ní sùn, ọ̀rọ̀ kò ní tán lẹ́nu rẹ̀, yóò máa náwó bí ẹni tó rí owó he. Bó bá yá, àìsàn náà á jù ú sínú ìbànújẹ́ tí kò ní lè dìde lórí ẹní. Lithium, oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, ni dókítà kọ fún un. Bàbá kàwé, wọ́n ronú, wọ́n ní: "Ṣé ẹ mọ Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù? Bí ọpọlọ ṣe rí nìyẹn. Kẹ́míkà kan ló pọ̀ jù, òmíràn ló dín. Ẹni tó bá mú wọn dọ́gba ti wo àìsàn náà tán."

Nítorí ìdọ́gba yìí ni wọ́n ṣe yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ ọmọ náà pátápátá, tí wọ́n sì ń fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, torí wọ́n kà á pé serotonin, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà ọpọlọ, wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà wà nínú ọkọ̀ níta. Mo jáde lọ wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ranlẹ̀ mọ́. N kò jẹ́ kí Bàbá parí àlàyé wọn. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Lójú kíndìnrín, lithium àti iyọ̀ jọra púpọ̀. Bí iyọ̀ bá wọ́n lára, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èyí tó kù mọ́wọ́, á sì ṣọ́ lithium mọ́ ọn. Oògùn tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á wá máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àyè tó wà láàárín ìwòsàn àti májèlé kò fẹ̀ rárá. Láti 0.6 sí 1.0 mmol/L, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, la sábà máa ń fẹ́. Bó bá ti kọjá 1.5, ewu ti dé. Ìgbẹ́ gbuuru lè fà á, èébì náà lè fà á, títí kan kí ènìyàn làágùn lóko láìmu omi.

Bàbá kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ẹni tó ṣàwárí pé lithium ń wo àìsàn yìí náà, àbá ló fi bẹ̀rẹ̀. John Cade, dókítà kan ní Ọsirélíà, rò pé májèlé kan tó ń bá ìtọ̀ jáde ló ń fà á. Èrò rẹ̀ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dán an wò lára ẹranko ló ti rí i pé lithium ń mú wọn rọlẹ̀. Ó kọ́kọ́ lò ó fún ara rẹ̀, ó fún alárùn mẹ́wàá tí àìsàn yìí gbé sókè, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1949. Ẹni àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ yá nínú wọn kú ní 1950. Májèlé lithium yìí kan náà ló pa á, kí wíwọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó di àṣà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Lóòótọ́ ni serotonin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oníbodè wà lẹ́nu ọpọlọ. Ògiri àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí serotonin kọjá.

Àìsàn kan wà tí èrò Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mu, ìyẹn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ara le. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, ló ń kú níbẹ̀. Levodopa, oògùn tí wọ́n ń lò fún un, lè gba ẹnu ibodè yẹn kọjá, á sì di dopamine nínú ọpọlọ. Ó wà nínú irúgbìn wèrèpè tó ń yún wa lóko pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, alárùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tó ń dí dopamine lọ́nà fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn àìrí lè mú ọwọ́ onítọ̀hún gbọ̀n. Òjò tó dùn mọ́ onírẹsì Ìgbẹmọ nínú ló ń ba kòkó tí ẹlòmíràn sá sóòrùn jẹ́.

Ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, Joanna Moncrieff, dókítà àìsàn ọpọlọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí jọ ní 2022, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó dúró pé àìtó serotonin ló ń fà á. Ẹ má torí èyí da oògùn yín nù. Abọ́ tí a gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ omi, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé àìsí abọ́ ló dá òrùlé lu. Ẹni tó bá fẹ́ dín oògùn kù tàbí fi kún un, kó kọ́kọ́ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un sọ̀rọ̀.

Ara ọmọ náà ti yá. Bàbá padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé wọn: ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, iye tó jáde, oúnjẹ tí ọmọ jẹ. Wọ́n bi mí bóyá ó lè lo ibuprofen bí orí bá ń fọ́ ọ. Mo ní rárá, ó lè mú lithium pọ̀ lẹ́jẹ̀, paracetamol ni kí wọ́n fún un. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.