Máàpù ìjàmbá òkè gígùn

Máàpù ìjàmbá òkè gígùn ni máàpù tí wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ àwọn tó gun òkè tàbí àpáta, tòun ti ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ará yòókù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí kòtò náà wà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ American Alpine Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, ti ń tẹ ìròyìn irú ìjàmbá bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dọọdún láti 1948. Ohun kan náà ló ń jáde níbẹ̀ léraléra: ẹni tó ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀, tí okùn kò gùn tó, tí kò sì ta kókó sí ìdí rẹ̀, ẹni tí òkúta já lé lórí tí kò dé akoto.

Ní Èkìtì, ewu tibí yàtọ̀ sí ti òkè oníyìnyín. Àpáta Olósùnta tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ àpáta gbalasa. Bí oòrùn bá pa á, bàtà a máa dì í mú. Bí òjò bá rọ̀, ohun tútù tó hù mọ́ ojú rẹ̀ a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, yanrìn tó bó lára àpáta a máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí náà, àmì tí kò bá sọ bóyá àpáta tutù tàbí ó gbẹ, àti bóyá ẹni náà ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀, kò wúlò púpọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n sàmì sí ibi tí wọ́n ti gbé ẹni náà. Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ gan-an ló yẹ, ìyẹn sì lè wà lókè pátápátá. Fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà ní gbangba, ó sì máa ń burú sí i lẹ́bàá ògiri àpáta. Lórí máàpù, orí àpáta tó dúró ṣánṣán àti ìdí rẹ̀ máa ń bọ́ sójú kan náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi fọ́tò àpáta náà tì í. Orúkọ tí àwọn ọdẹ àti ọmọ ìlú ń pe kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tún ń ranni lọ́wọ́.

Àmì tó pọ̀ lójú kan kò fi dandan túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ló léwu jù. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ lèrò ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó yọ̀, tó dìde, tó gbọn ṣòkòtò rẹ̀ nù, kì í sábà sọ fún ẹnikẹ́ni.