Bí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ṣe Ń Yan Àfojúsùn, àti Ohun Tó Ń Ṣe Nígbà Tí Èsì Bá Dé

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Kubwa tàbí Nyanya l'Ábújà kì í sábà lépa owó láìní gbèdéke. Iye kan ni ìgbìmọ̀ máa ń fojú sùn. Bí èsì bá dé ibẹ̀, ọkàn gbogbo ènìyàn á balẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìpàdé á gbóná. Àwọn onímọ̀ méjì, Richard Cyert àti James March, ti ṣàlàyé ìwà yìí nípa àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, ẹgbẹ́ kékeré náà kò sì yọ sílẹ̀.

Ibi méjì ni iye náà ti ń wá. Èkíní ni ìtàn ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù 10 náírà ni àfojúsùn èṣí, tí mílíọ̀nù 14 sì wọlé. Ìgbìmọ̀ tó bá ka méjèèjì sí bákan náà á fojú sun mílíọ̀nù 12. Èyí tó bá gbé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ lé èsì tuntun lórí á fò dé mílíọ̀nù 13.6, ọdún kan ṣoṣo tí ọjà dùn á sì di ẹrù sí i lọ́rùn. Èyí tó bá gbé ìdá kan péré nínú mẹ́wàá lé e kò ní kọjá mílíọ̀nù 10.4, kò sì ní tètè mọ̀ pé ayé ti yí.

Náírà fúnra rẹ̀ ń tan ni jẹ níbí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, tí owó oṣù tó kéré jù sì kúrò ní 30,000 bọ́ sí 70,000 lóṣù Keje 2024, ó rọrùn láti kọjá iye èṣí kí owó náà má sì ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Kí akápò kọ iye àpò ìrẹsì tí àpapọ̀ owó lè rà sí ẹ̀gbẹ́ iye náírà; ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ á rí òótọ́.

Ibi kejì ni èsì àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ìgbìmọ̀ ń fi tirẹ̀ wé, ṣùgbọ́n ojúgbà ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ń rí owó rẹ̀ gé kí owó oṣù tó dé àkáǹtì. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ kálukú. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ojúgbà.

Bí èsì bá wálẹ̀ ju àfojúsùn lọ, ìtòsí ibi tó ń dunni ni ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ń wá ojútùú sí. Owó àyálò kò wọlé? Wọ́n á sọ onídùúró méjì di mẹ́ta. Ó yá, kò náni lówó, ó sì lè má kan orísun wàhálà rárá. Ẹ wo ẹni tó yá 600,000 láti ra àgbò ní ọjà Maigatari ní Jigawa nígbà tí Iléyá ku oṣù méjì. Títí di ọ̀sẹ̀ ọdún, ara àgbò ni owó rẹ̀ wà, ó sì tún ń ra oúnjẹ fún wọn. Ìwé ẹgbẹ́ ní kó san 100,000 lóṣù tó tẹ̀ lé èyí tó yá owó náà. Kò rí i san, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ajẹgbèsè. Onídùúró mẹ́wàá kò lè mú àgbò tà ṣáájú àkókò. Ọjọ́ ìsanpadà ló yẹ kí wọ́n sún sí ẹ̀yìn Iléyá.

Bí èsì bá burú débi pé ẹgbẹ́ fẹ́ tú, ìwà á yí padà: àwọn kan á ti àpótí pa, àwọn mìíràn á kó ìyókù lé òwò eléwu. Bó bá sì ga ju àfojúsùn lọ, ìwádìí á dúró. Ó dunni, nítorí ìgbà tí owó tó ṣẹ́kù wà gan-an ni ó yẹ kí wọ́n dán nǹkan tuntun wò, bíi ríra ìrẹsì lápapọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú owó tí wọ́n lè pàdánù láìwó.

Èyí tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ jù ni pípààrọ̀ òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí èsì ti dé: ìgbìmọ̀ tí kò bá àfojúsùn rẹ̀ á wá ẹgbẹ́ tó kùnà jù ú lọ, á ní ẹgbẹ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n fi wọn tiwọn. Kí akọ̀wé kọ iye náà àti orúkọ ẹgbẹ́ ojúgbà sínú ìwé ìpàdé oṣù Kìíní, kó sì kà á sókè ní ìpàdé ọdọọdún kí akápò tó ka èsì.